Kí ló dé tí wọ́n ń ní kí ọmọ Glasgow padà sí Ireland? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Celtic àti Rangers

ỌmọMápó (Ìbàdàn)
Sátidé, 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tú.

Joe Aribo, agbábọ́ọ̀lù Super Eagles, ló mú mi mọ Rangers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Glasgow, Scotland. Nígbà tí òun àti Leon Balogun wà níbẹ̀, tí wọ́n gba líìgì ní 2021 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà wọ́n nínú líìgì náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í fi wọ́n ṣeré. Ní oṣù karùn-ún 2022, nígbà tí Aribo gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní Seville nínú àṣekágbá Europa League, ariwo tí mo pa jí ọmọ aládùúgbò. Frankfurt padà fi pẹ̀nátì borí wọn. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n mo rí i pé tí Rangers bá pàdé Celtic, ọ̀rọ̀ náà ju bọ́ọ̀lù lọ. Ìlú kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì wà. Síbẹ̀ àsíá Ireland ló kún ẹ̀gbẹ́ kan, àsíá Britain ló kún ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo tún gbọ́ nípa orin kan tí àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ Rangers máa ń kọ sí ti Celtic, pé ìyàn ti parí, kí ló dé tí ẹ ò padà sílé. Ìyàn wo? Ilé wo? Glasgow ni wọ́n bí àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ sí òun náà nínú bọ́ọ̀sì, pé kó padà sílé. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n rí. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá. Òyìnbó sí òyìnbó ńkọ́? Kí ni wọ́n rí lára ara wọn? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

---

BàbáOlùkọ́ (Abẹ́òkúta)
Sátidé, 10:02 alẹ́

Ọmọ mi, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Ohun tí a ń pè ní "Irish" lọ́jà, ànàmọ́ òyìnbó tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ní díndín, orúkọ àwọn ènìyàn yìí ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó fi máa di 1840, àìmọye tálákà ní Ireland ni kò ní oúnjẹ mìíràn tó dá lé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í ṣe tiwọn. Ọkà tí wọ́n bá gbìn, owó ilẹ̀ ló ń bá lọ. Ànàmọ́ inú ọgbà kékeré ẹ̀yìn ilé ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ.

Ní 1845 àrùn kan mú ànàmọ́ náà. Ewé á dúdú, bí wọ́n bá sì máa fi wú u, á ti jẹrà nínú ilẹ̀, á máa rùn. Ọdún kan kọ́, ọdún méjì kọ́: ó di 1852 kí ó tó rọlẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó wọ ọkọ̀ ojú omi jáde. Ohun tí àwọn ọmọ wọn kò gbàgbé títí dòní ni pé ní gbogbo àkókò yẹn, ọkà àti màlúù ṣì ń ti èbúté Ireland lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Glasgow kò jìnnà sí wọn. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1851, àwọn tí wọ́n bí ní Ireland tí wọ́n ń gbé Scotland lé ní 200,000. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dé: ebi ti lù wọ́n bolẹ̀, aṣọ ti gbó mọ́ wọn lára, yàrá kan ni ìdílé méjì ń há sí. Nígbà tí ibà jà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní "ibà àwọn ará Ireland". Wọ́n gbẹ́ ojú omi, wọ́n la ọ̀nà rélùwéè, wọ́n wa èédú ní Lanarkshire, wọ́n sì gba owó tí wọ́n bá fún wọn. Ìyẹn náà di ẹ̀sùn, pé wọ́n ń ba owó iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ̀sìn wá gbé gbogbo rẹ̀ ga. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Scotland ti kọ Pópù sílẹ̀ láti 1560, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀, ẹni tó bá ń gbọ́ ti Rómù kò lè jẹ́ ọmọ ìlú tòótọ́.

O béèrè pé ilé wo. Òfin tí Scotland ṣe lórí àwọn òtòṣì ní 1845 fàyè gbà á pé bí ará Ireland tí kò tíì pẹ́ nílùú bá tọrọ ìrànwọ́, wọ́n lè kó o sínú ọkọ̀ padà síbi tó ti wá. Wọ́n sì kó wọn. Kí orin yẹn tó dé pápá bọ́ọ̀lù, ìjọba ti fi ṣe òfin.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀ṣun
Sátidé, 10:20 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ń ra Irish lọ́jà láti kékeré, n kò bi ara mi rí pé kí ló dé tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

---

Bọ́ọ̀lùLógún (Èkó)
Sátidé, 11:37 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n gba apá ti bọ́ọ̀lù.

Celtic kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ará Ireland ní Scotland. Hibernian ní Edinburgh ni, ní 1875. Àdúgbò Cowgate ni àwọn ará Ireland kóra jọ sí nílùú náà, ìjọ St Patrick sì wà níbẹ̀. Àlùfáà ìjọ náà, Canon Edward Hannan, àti àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Hibernia ni orúkọ tí àwọn ará Rómù àtijọ́ ń pe Ireland. Nígbà tí wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀, àjọ bọ́ọ̀lù kọ̀ wọ́n, wọ́n ní ọmọ Scotland ni àwọn wà fún. Ó gba àkókò kí wọ́n tó rí àyè wọlé. Ọdún méjìlá péré lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Scotland: 1887, Dumbarton ni wọ́n fi àmì ayò méjì sí ọ̀kan nà.

Ayọ̀ ife yẹn ló ta Glasgow jí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Brother Walfrid. Andrew Kerins ni orúkọ àbísọ rẹ̀, Ballymote ní Sligo ni wọ́n bí i ní 1840. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ànàmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ó wọ ẹgbẹ́ Marist, ẹgbẹ́ àwọn arákùnrin Àgùdà tó ń kọ́ni, ó di olùkọ́ ní apá ìlà-oòrùn Glasgow, àwọn ọmọ sì ń wá jókòó níwájú rẹ̀ láìfẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò oúnjẹ ọ̀sán: ọmọ á mú pẹ́nì kan wá, á jẹun. Owó ni ìṣòro. Ó tún ń bà á lẹ́rù pé bí àwọn ọmọ bá ń lọ jẹun lọ́dọ̀ ìjọ mìíràn, ibẹ̀ ni wọn yóò gbà sìn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá 1887, wọ́n pàdé nínú gbọ̀ngàn ìjọ St Mary ní Calton, wọ́n dá Celtic sílẹ̀ kí owó ẹnu ọ̀nà lè ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ náà. Nítorí náà, ỌmọMápó, ìyàn tó wà nínú orin yẹn gan-an ló bí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ohun tó ń mú mi gbóná nìyẹn. Ẹni tó ń kọ ọ́ ń fi ìyà tó jẹ ọmọ kékeré ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kù kí ó má di pé mo ń gbè wọ́n. Ní 1892 wọ́n gbé Walfrid lọ sí London, ní 1897 Celtic di ilé-iṣẹ́ onípìn-ín, owó oúnjẹ àwọn ọmọ sì dáwọ́ dúró. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù Hibernian tó dáńtọ́ ni Celtic kó lọ, débi pé Hibernian fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nígbà tí wọ́n jí i dìde, wọn kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

---

ỌmọIbrox (Ìjẹ̀bú-Òde)
Àìkú, 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Rangers ni èmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa ọkọ̀ létí odò Clyde ló dá Rangers sílẹ̀ ní 1872. Kò sí ẹ̀sìn nínú rẹ̀, kò sí ìkórìíra ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Celtic máa gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọn ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1888, Rangers ni wọ́n pè. Celtic ló borí, àmì ayò márùn-ún sí méjì. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì jọ lọ sínú gbọ̀ngàn St Mary kan náà yẹn, wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ kọrin. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí sọ ibẹ̀ yẹn pẹ̀lú.

Ohun kejì: kì í ṣe gbogbo ará Ireland tó wá ni Àgùdà. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láti Ulster, apá àríwá Ireland, náà wá, wọ́n sì kó ìjà ilé wọn dání. Ní 1912, ilé-iṣẹ́ Harland and Wolff láti Belfast bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ojú omi ní Govan ní Glasgow, ẹ̀gbẹ́ Ibrox, pápá Rangers, níbẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Ireland ń gbóná lórí bóyá kí ó ní ìjọba tirẹ̀ lábẹ́ Britain. Àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ wá di ẹni tó ń wo Rangers. Mo gbà pé ìjà Ireland ni wọ́n ń bá ara wọn jà ní Glasgow.

Ohun kẹta: àwọn olólùfẹ́ Celtic kan ń kọrin yin IRA, ẹgbẹ́ tó fi ìbọn àti bọ́ǹbù bá Britain jà nítorí Ireland, títí dòní. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ti bu owó ìtanràn lé Celtic, ó sì ti bù ú lé Rangers. Ọwọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì kò mọ́.

---

BàbáOlùkọ́ (Abẹ́òkúta)
Àìkú, 1:15 ọ̀sán

ỌmọIbrox, o sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ohun tí o sọ nípa 1888 dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi èyí tí o fò kún un.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Ireland ti gbóná yẹn ni Rangers kò ti mọ̀ọ́mọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù Àgùdà tó lórúkọ mọ́. Kò sí nínú ìwé, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Ó di oṣù keje 1989 kí kóòṣì Graeme Souness tó ra Maurice Johnston, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Celtic tẹ́lẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Rangers kan dáná sun síkáàfù wọn ní ẹnu ọ̀nà Ibrox. 1989! Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé nígbà yẹn. Celtic ní tirẹ̀ ń gba àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Pùròtẹ́sítáǹtì ni Jock Stein, kóòṣì tó mú wọn gba ife Yúróòpù ní Lisbon ní 1967.

Kì í sì í ṣe pápá nìkan. Ní 1923, Church of Scotland, ìjọ tó tóbi jù ní ilẹ̀ náà, gba ìròyìn kan tí wọ́n pè é ní ewu tí ẹ̀yà Ireland jẹ́ sí ìran Scotland. Àwọn pásítọ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n dárúkọ ẹ̀yà. Wọ́n ní àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó wá láti Ireland kò ní wàhálà, àwọn Àgùdà ni kí ìjọba dí lọ́nà, kí ó sì dá àwọn kan nínú wọn padà. Ní 1935, nígbà tí àwọn Àgùdà ṣe àpéjọ ìsìn ńlá ní Edinburgh, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn jáde lọ sọ òkúta lu bọ́ọ̀sì tó gbé wọn, tòun ti obìnrin àti ọmọdé. Ìjọ náà tọrọ àforíjì fún ìròyìn 1923 ní 2002. Nǹkan bí ọgọ́rin ọdún.

Èmi náà jẹ́ ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ojú ń tì mí láti ka irú rẹ̀.

---

Modúpẹ́_Àkúrẹ́
Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwọn Sister láti Ireland ló kọ́ mi ní ilé ìwé. Gbogbo wọn ni à ń pè ní òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Sister kan tó ń kọ́ wa ní ìṣirò máa ń dá iṣẹ́ dúró tó bá ti gbọ́ ọ, á ní, "Èmi kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì o." A rò pé ó kàn ń ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ ni. Kò sọ fún wa rí pé wọ́n lé àwọn baba òun jáde.

Bàbá mi kàwé ní London ní nǹkan bí 1958. Ó ní òun á ka ìkéde yàrá nínú ìwé ìròyìn, òun á lọ, wọ́n á rí ojú òun, yàrá á ti "lọ". Ẹlòmíràn tilẹ̀ kọ ọ́ sójú fèrèsé pé aláwọ̀ dúdú kò lè wọlé. Àwọn kan kọ ti àwọn ará Ireland náà mọ́ ọn. Kò lòdì sófin. 1968 ni òfin tó dí i lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbà tó dé. Ta ló padà fún bàbá mi ní yàrá? Obìnrin ará Ireland kan, opó, ní Kilburn. Bàbá mi ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà títí ó fi kú.

---

ỌmọMápó (Ìbàdàn)
Àìkú, 8:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti parí báyìí. Ṣé orin ló kù, àbí ó ṣì ń ṣe ẹnikẹ́ni léṣe? Ẹni tó ń gbé Glasgow ló lè dáhùn.

---

Bọ́ọ̀lùLógún (Èkó)
Àìkú, 8:41 alẹ́

Neil Lennon, ọmọ Lurgan ní Northern Ireland, gbá bọ́ọ̀lù fún Celtic nígbà kan. Ní 2002 wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn yóò pa á tó bá gbá bọ́ọ̀lù fún Northern Ireland. Kò gbá a mọ́ láéláé. Ní 2011, nígbà tó ti di kóòṣì Celtic, wọ́n fi ohun kan tí wọ́n gbà pé ó lè bú gbàmù ránṣẹ́ sí i láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ju ọkùnrin méjì sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

Ní ti orin yẹn, wọ́n mú ọkùnrin kan tó kọ ọ́ ní pápá Kilmarnock ní 2008. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 2009 ilé ẹjọ́ gíga Scotland sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ́yàmẹ̀yà ni, nítorí ó ń sọ fún àwọn ọmọ ìlú pé kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀ torí ibi tí baba ńlá wọn ti wá.

---

ÌyáÌbejì_Glasgow
Àìkú, 11:52 alẹ́

Ẹ máa bínú, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọdún kejìlá mi rè é ní Glasgow, apá ìlà-oòrùn ni mò ń gbé. Tí Celtic bá gbá góòlù wọlé, mo ń gbọ́ ọ nínú kíṣíìnì mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Wíwa èédú ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀, Donegal ní Ireland ló ti wá. Tó bá di Sátidé, kí n tó wẹ̀ ẹ́, á ti ní kí n bá òun wá síkáàfù aláwọ̀ ewé. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun ń wáṣẹ́ ní ọ̀dọ́, wọn kì í béèrè ẹ̀sìn. Wọ́n á kàn ní, "Ilé ìwé wo lo lọ?" Níbí, láti 1918 ni ìjọba ti gba ilé ìwé Àgùdà mọ́ra, orúkọ ẹni mímọ́ ló sì wà níwájú púpọ̀ nínú wọn. Bí o bá ti pe "Saint", ọ̀gá á rọra ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì. Bàbá náà fi ọwọ́ ṣe é hàn mí lórí aṣọ ìbora rẹ̀, ó tẹ ojú ibi tó ká mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ, kò gbàgbé ìró tí bébà yẹn ṣe.

Ó ti dínkù. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fẹ́ ara wọn, wọn kì í béèrè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, mi ò kì í wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ti Celtic tàbí aláwọ̀ búlúù ti Rangers jáde, mi ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mi wọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí ẹ kò tíì dárúkọ. Ní January 1988 Rangers mú Mark Walters, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, wá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Celtic. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ Celtic kan ń sọ lù ú láti ibi ìwòran. Àwọn ọmọ ọmọ ẹni tí ebi lé wá láti Ireland, wọ́n ń sọ oúnjẹ lu ọmọ ẹlòmíràn. Ó ṣẹlẹ̀ sí i ní pápá Hearts náà. Mo fẹ́ràn ìtàn Walfrid, omi sì bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìtàn yẹn máa ń bi mí pé ta ló wà nídìí tábìlì náà báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òbí ọmọ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ní kó padà sílé. Mi ò ní sọ àwọ̀ aṣọ tí ọkùnrin náà wọ̀. Ọmọ mi bi mí nínú ọkọ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé Dennistoun ló ń sọ?" Àdúgbò wa ni. Ibẹ̀ nìkan ló mọ̀ sí ilé.

Mo sọ ọ́ fún bàbá yẹn lọ́jọ́ kejì bí mo ṣe ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní òun náà, gbogbo ayé òun ni wọ́n fi ń sọ fún òun pé kí òun padà sí Donegal, òun kò sì dé ibẹ̀ rí. Owó kò sí, lẹ́yìn náà ara kò gbé e. Ó ní ṣé mo lè fi hàn òun lórí fóònù. Mo wá abúlé bàbá rẹ̀ jáde. Koríko ni, ògiri olókùúta kúkúrú, àti òkun lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń wò ó.

Ó ní, "Ibẹ̀ dára o. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."